Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Lọ́dọ̀ Ọmọ Tí Ó Ń Ṣe Kapa Haka

Ọjọ́ kìíní, Àbámẹ́ta

Láti Èkó dé Dubai, láti Dubai dé Auckland, ó ju ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ tí mo fi wà lójú ọ̀nà. Ìrìn tí ó gbẹ̀yìn nìkan ju wákàtí 15 lọ nínú ọkọ̀ òfurufú. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n yẹ èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí tí mo kó wá wò fínnífínní, wọ́n sì wo ìsàlẹ̀ bàtà mi bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí wọn kì í fẹ́ kí kòkòrò tàbí irúgbìn àjèjì wọ Níù Sílándì. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fún wa, nítorí náà wọ́n dá a padà fún mi láìsí wàhálà.

Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ti pé ọdún mọ́kànlá ní gúúsù ìlú Auckland. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọbìnrin wọn sí, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wá ní oṣù Kẹsàn-án yìí, torí ó pẹ́ tí ó ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí Mọ́mì Ìbàdàn wá wo òun àti ẹgbẹ́ òun nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe kapa haka, ìyẹn orin àti ijó àwọn Māori tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Níù Sílándì, níwájú àwọn ilé-ìwé mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá sílé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀yìn ìró ìyá rẹ̀ ni ọmọ yìí máa ń sá pamọ́ sí. Bí àlejò bá kí i, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Lónìí, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ó sì ní kí n wo òun. Ó yasẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó la ojú títí funfun ojú rẹ̀ fi yí dúdú rẹ̀ ká, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. Ní tiwa, ọmọ tí ó bá ranjú mọ́ àgbà báyẹn ti ṣe ohun tí wọn yóò bá a wí sí. Àbúrò mi ní kí n má dá a lẹ́kun, pé pūkana ni wọ́n ń pè é, àti pé òṣèré tí kò bá lè ṣe é kò tíì mọ iṣẹ́.

Ọjọ́ kejì, Àìkú

Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ náà jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì láti ṣe poi tuntun, nítorí okùn ti àtijọ́ ti já. Poi ni bọ́ọ̀lù kékeré tí ó wà lẹ́nu okùn, èyí tí àwọn obìnrin máa ń jù yíká bí wọ́n ṣe ń kọrin. Ó di òwú dúdú àti pupa pọ̀ bí ẹni ń di irun, ó ta kókó sí orí kan, ó fi fóòmù bo kókó náà, ó da ọ̀rá funfun bò ó, ó sì fún ẹnu ọ̀rá náà mọ́ ìdí okùn títí kò fi ní ìwúnjọ kankan mọ́. Ó fi okùn náà wọn ọwọ́ ara rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ó ní bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti àwọn àgbà ni. Láyé àtijọ́, raupō ni wọ́n fi ń bò ó, ìyẹn ewéko tí ó ń hù ní àbàtà.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ mi. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú ṣinṣin, ó sì sọ ọ́ ní èdè Yorùbá tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: “Kì í ṣe apá, Mọ́mì. Ibí yìí ni.” Bọ́ọ̀lù náà ń yí, ó ń bà sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó ń padà, ìró rẹ̀ sì ń lọ pà, pà, pà lórí ẹsẹ̀ orin. Wákàtí kan ààbọ̀ ni a fi wà nídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán an, kò sì sí ẹni tí ó ń wò ó yàtọ̀ sí èmi.

Ọjọ́ kẹta, Ajé

Ọ̀sẹ̀ èdè Māori bẹ̀rẹ̀ lónìí, ilé-ìwé sì gba àwọn òbí láàyè láti wo ìgbáradì. Kí a tó jókòó, wọ́n kí wa káàbọ̀ lọ́nà ti Māori. Olùkọ́ ọkùnrin kan dìde, ó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ó sì ti parí, gbogbo àwọn ọmọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í lọ láìsí orin lẹ́yìn rẹ̀. Kīnaki ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún ohun tí a fi ń jẹ oúnjẹ kí ó lè dùn. Inú mi dùn sí i púpọ̀, nítorí kò sí Yorùbá tí yóò ní òun kò mọ ohun tí ọbẹ̀ ń ṣe fún òkèlè. Lẹ́yìn náà ni a tò, tí a sì fi imú kan imú àwọn tí ó gbà wá, kí a lè mí èémí kan náà. Hongi ni ìyẹn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni ìlù, n kò sì rí i. Gìtá kan wà fún orin tí ó rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi lu ilẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n ń fi lu itan àti àyà ni ó di gbogbo nǹkan mú. “Kia rite!” ni olùkọ́ máa ń pe, ìyẹn ni pé kí wọ́n múra, gbogbo ariwo á sì wọlẹ̀ lójijì. Whaea ni àwọn ọmọ ń pe olùkọ́ obìnrin, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń pe ìyá àti àbúrò ìyá. Matua ni wọ́n ń pe ọkùnrin, ìyẹn bàbá. Kò sí ọmọ kan tí ó pe olùkọ́ lórúkọ.

Ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù ni wiri. Bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ nínú orin, ọwọ́ náà kì í dúró jẹ́ẹ́, ó máa ń gbọ̀n láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìdáwọ́ dúró. Olùkọ́ náà tún ìtàn rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ: pé Tama-nui-te-rā, tí í ṣe oòrùn, fẹ́ Hine-raumati, obìnrin ìgbà ooru, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tānerore. Nígbà tí ooru bá mú, tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n lórí ilẹ̀, Tānerore ni ó ń jó fún ìyá rẹ̀, ìjó rẹ̀ yìí sì ni ọwọ́ àwọn òṣèré ń ṣe. Ẹni tí ó bá ti gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá lọ́sàn-án oṣù Kejì, tí ó sì rí ọ̀dà tí ó ń tàn yànrànyànràn níwájú bí omi, kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé Tānerore fún un. Mo wo ọwọ́ ọmọ wa. Ó ń gbọ̀n bíi ti ewé nínú atẹ́gùn tí kò lágbára, ó sì ti pa ẹnu mọ́ bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan pàtàkì lé lọ́wọ́.

Kí wọ́n tó parí, olùkọ́ mú un kúrò ní ìlà àkọ́kọ́, ó sì fi í sí ìlà kẹta. Ó dùn mí. Ibi tí mo ti wá, ẹni tí ó mọ ijó jó ni a ń tì síwájú kí gbogbo ayé lè rí i. Nínú ọkọ̀, mo ní kí n tù ú nínú, ó sì wò mí tìyanutìyanu. Ó ṣàlàyé fún mi pé kapa ni ìlà, haka ni ijó, pé ijó tí a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni òun ń ṣe, àti pé ẹsẹ̀ àwọn tí ó wà lẹ́yìn ni ó máa ń dún sí àwọn tí ó wà níwájú létí. Wọ́n mú òun lọ sẹ́yìn nítorí pé ẹsẹ̀ òun kì í ṣìnà. Inú rẹ̀ dùn sí ipò náà ju bí mo ṣe lè gbà gbọ́ lọ.

Ọjọ́ kẹrin, Ìṣẹ́gun

Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. Lẹ́yìn ilé-ìwé, a lọ sí ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Auckland, a bọ́ bàtà, a sì wọ inú Hotunui, ilé ìpàdé àwọn Ngāti Maru, ẹ̀yà Māori kan, tí àwọn Ngāti Awa gbẹ́ fún wọn ní ọdún 1878, èyí tí ó wà lódindi nínú gbọ̀ngàn náà. Igi gbígbẹ́ ni gbogbo ògiri rẹ̀. Àwọn baba ńlá ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, ojú wọn yọ, ìkarahun tí ń tàn sì wà nínú ẹyinjú wọn. Ọmọ náà dúró níwájú ọ̀kan, ó la ojú bákan náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yí padà, ó ní, “Ẹ rí i? Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é.”

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́rú

Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ láti wọn piupiu fún àwọn ọmọ méjèèjì. Kuia ni wọ́n ń pe irú ìyá bẹ́ẹ̀, àmì moko kauae sì wà lágbọ̀n rẹ̀. A kí i pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ bí a ṣe ń kí tiwa, kò sì yà á lẹ́nu.

Piupiu ni aṣọ ìbàdí tí wọ́n fi ewé harakeke ṣe. Ìyá náà jẹ́ kí n mú ọ̀kan dání, ó sì fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á fi ìkarahun họ ewé tútù náà ní àwọn ibi kan títí okùn inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní muka, yóò fi hàn; wọ́n á fi ibi tí ó kù sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Bí ó bá ń gbẹ, ibi tí èèpo wà á ká ara rẹ̀ jọ bíi páìpù tíńtín, ibi tí wọ́n họ á sì máa rọ̀. Tí wọ́n bá wá rì í sínú ẹrẹ̀ dúdú tí ń jẹ́ paru, okùn ibi tí wọ́n họ nìkan ni ẹrẹ̀ náà máa mú, èèpo á wà ní àwọ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àrà dúdú àti pupa rúsúrúsú á ṣe jáde. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ di àdìrẹ kí aró má baà mú ibi tí a kò fẹ́, á mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni. Bí ọmọ bá mi ìbàdí, gbogbo páìpù wọ̀nyẹn á kan ara wọn, wọ́n á sì dún.

Mo bi í ní ohun kan tí ó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Ajé, pé ṣé inú wọn dùn kí ọmọ tiwa, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ Māori, máa wọ ohun àwọn baba ńlá wọn. Kò yára dáhùn. Ó ní ẹni tí ó bá fi ọ̀wọ̀ kọ́ ọ, tí ó mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń sọ lẹ́nu, àyè rẹ̀ wà nínú ìlà; ẹni tí ó bá ń fi ojú àti ahọ́n wọn ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ni ó ń bí àwọn nínú. Ó wá sọ fún mi pé wọ́n na ìyá òun nílé-ìwé nítorí pé ó sọ èdè Māori, ìyá náà kò sì fi èdè yìí bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Orin ni ó kù sí i lẹ́nu. Òun fúnra òun ti dàgbà kí òun tó mọ ohun tí àwọn orin tí òun ń jó sí túmọ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ ilé Māori ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972 ni wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó ju 30,000 ènìyàn lọ fọwọ́ sí lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, pé kí a kọ́ èdè náà nílé-ìwé. Ọdún yẹn kan náà ni ìdíje kapa haka ti gbogbo orílẹ̀-èdè, tí a mọ̀ sí Te Matatini lónìí, bẹ̀rẹ̀ ní Rotorua. Ní 1982, wọ́n ṣí kōhanga reo àkọ́kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ èdè Māori fún àwọn ọmọ kéékèèké, ní 1987 ni òfin sì sọ èdè Māori di èdè ìjọba. Bí mo ṣe ń gbọ́ gbogbo èyí, àwọn ọmọ méjì náà wà ní pálọ̀, wọ́n ń dán piupiu wọn wò, wọ́n ń mì í kí ó lè dún.

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́bọ̀

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ó ti jí wa. Kò lè jẹun. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé ńlá kan ni wọ́n lò, àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́jọ sì ti kún ibẹ̀ kí a tó dé. Kò sí ipò kìíní tàbí ìkejì, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò ṣe tirẹ̀ tí àwọn yòókù yóò sì máa wò. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn ìyá ń di tīpare mọ́ orí àwọn ọmọ, olùkọ́ sì ń fi pẹ́ńsùlù tíróò fa ìlà moko sí àgbọ̀n àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí ó kan ọmọ wa, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì dúró láìṣẹ́jú títí olùkọ́ fi parí.

Wọ́n wọlé pẹ̀lú whakaeke, tí í ṣe orin ìwọlé, bí ogójì ọmọ lápapọ̀. Bí gbogbo piupiu ṣe mì lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé páànù. Mo ń wá a láàárín orí àwọn ọmọ, títí mo fi rí i ní apá ọ̀tún ìlà kẹta.

Nígbà tí wọ́n dé mōteatea, orin àtijọ́ tí kò ní gìtá, tí ohùn rẹ̀ kì í fò sókè tàbí balẹ̀ púpọ̀, àwọn ọmọ dúró bí igi. Èémí ni iṣẹ́ ibẹ̀, nítorí orin náà kò gbọdọ̀ já. Bí ọ̀kan bá ń mí sínú, ẹlòmíràn ní láti mú ohùn lọ. Mo ti ń rò láti ilé pé ayọ̀ ọmọdé, ẹ̀rín ni. Ọmọ yìí kò rẹ́rìn-ín rárá. Ìpéǹpéjú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ọrùn rẹ̀ le, òógùn kan sì gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tí kò nù ún. Síbẹ̀, mo mọ ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, n kò sì tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti wọ inú ohun tí ó ń ṣe lọ pátápátá, bí ọmọ àyàn ṣe máa ń wọ inú gángan tí kò ní mọ̀ pé àwọn ènìyàn ti pagbo yí òun ká.

Orin ọwọ́ tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń pè ní waiata-ā-ringa, lẹ́yìn náà poi. Bọ́ọ̀lù bí ogún ló bà sí ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Poi tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà láàárín wọn, okùn dúdú àti pupa. Ẹ̀rín jáde níbẹ̀.

Nígbà tí haka dé, àwọn ọmọkùnrin tẹ̀ síwájú, àwọn ọmọbìnrin sì di ohùn mú lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ ìlà kẹta gba inú pákó ilẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ àga tí mo jókòó lé. Ọwọ́ mi ti wọ inú báàgì, mo ti mú owó, mo fẹ́ dìde lọ ná ọmọ mi bí a ṣe ń ṣe nílé, àbúrò mi sì rọra di ọwọ́ mi mú. Kò tíì fi mí sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: àwọn bàbá nínú aṣọ iṣẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n, ìyá kan tí ó pọn ọmọ. Wọ́n yasẹ̀, wọ́n sì fi haka tiwọn dá àwọn ọmọ lóhùn láti ibi tí wọ́n dúró sí. Bí wọ́n ṣe ń ná òṣèré níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ náà dúró gbọn-in, wọ́n gbà á sí ojú àti sí àyà títí ó fi parí. Mo sunkún, n kò sì fi pamọ́.

Nígbà tí ó jáde, ẹsẹ̀ lásán, ìlà àgbọ̀n rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni, “Ṣé ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ wa?” Mo ní mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́ keje, Ẹtì

Olùkọ́ ti yọ̀ǹda fún un láti sinmi, ó sì sùn di aago mọ́kànlá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó mú ìwé wá. Nílé-ìwé, bí ọmọ kan bá fẹ́ sọ ẹni tí òun jẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ dárúkọ òkè rẹ̀ àti odò rẹ̀ kí ó tó dárúkọ ara rẹ̀. Pepeha ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ mọ òkè wa. Mo sọ Òkè-Ìbàdàn fún un, mo sì sọ odò Ògùnpa àti bí ó ṣe kún lójijì ní ọdún 1980. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì béèrè bóyá orin kan wà tí ó máa ń tẹ̀ lé e. Mo ki oríkì orílẹ̀ wa fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì gba ìlà mẹ́rin nínú rẹ̀ sórí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ kẹjọ, Àbámẹ́ta

A wa ọkọ̀ lọ sí Rotorua, ìrìn wákàtí mẹ́ta. A yà ní Ngāruawāhia, níbi tí odò Waipā ti pàdé Waikato, a sì wo Tūrangawaewae, ibùdó ìpàdé àwọn Māori, láti ìta. Te Puea Hērangi, obìnrin aṣáájú kan láàárín wọn, ni ó dá ibẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn àrùn inúfúlúẹ́ńsà ti 1918, ó kó àwọn ọmọ tí òbí wọn kú jọ, ó tọ́ wọn, nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 1920, ó kó ẹgbẹ́ akọrin àti oníjó jáde, tí wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n lè fi orin, haka àti poi rí owó kọ́ ibùdó náà. Ọmọ wa mọ ìtàn yìí ju èmi lọ. Ó ń sọ ọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ń ju poi bí àyè ṣe gbà á.

Ní Rotorua, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń hó, òórùn imí ọjọ́ sì gba gbogbo ìlú. A wo àwọn àgbà òṣèré ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn àlejò tó kù ń ya fọ́tò. Ọmọ náà kò yà á, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan, ètè rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé orin náà láìjáde. Obìnrin kan nínú àwọn òṣèré rí i. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó yí ojú sí i, ó sì ṣe pūkana fún un nìkan ṣoṣo. Ọmọ náà dá a padà.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Àìkú

A dé pápákọ̀ òfurufú ní òru. Níwájú ẹnu ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò nìkan ń gbà wọlé, mo gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà, mo sì ṣàdúrà fún un bí a ṣe ń ṣàdúrà fún ọmọ, pé yóò dàgbà, yóò dógbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ṣìnà. Mo ṣe àmín, mo sì ń tẹ̀ mọ́ báàgì mi. Ọmọ náà kò kúrò. Ó rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó yíjú sí ìhà tí mo kọ ojú sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin, nítorí àgbà ti sọ̀rọ̀, kò sì tíì sí orin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Òun nìkan ló ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀.

Ọkùnrin òṣìṣẹ́ kan tí ó ń ti ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá dúró. Ó bọ́ fìlà, ó sì bá a gbé ohùn ìsàlẹ̀ láti ibi tí ó wà, títí orin náà fi tán. Ó kí ọmọ náà pẹ̀lú ìpéǹpéjú tí ó gbé sókè, ó dé fìlà padà, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.